Tí ẹ̀rù àdánù ò bá jẹ́ kẹ́ ẹ sùn: ohun tí mò ń ṣe rèé

Ọkun o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹni tó bá ní oko kajú lọ́dọ̀ wa níbí ti mọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Tí ọyẹ́ bá ti dé báyìí, kajú á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa yọ òdòdó, koríko á ti gbẹ táútáú, ẹnì kan á kàn dáná sígbó torí òkété, iná yẹn ò sì mọ ààlà oko. Lọ́dún kan, aago méjì òru ni mo máa ń dìde lọ dúró lẹ́yìnkùlé, mo ń fa imú bóyá màá gbóòórùn èéfín, bẹ́ẹ̀ oko ọ̀hún tó ìrìn wákàtí kan sílé o! Iná ò dé ibẹ̀ lọ́dún náà, àmọ́ èmi ti rù kan eegun. Ìyàwó mi ló wò mí tó ní, "Bàbá Ṣeun, iná ò tíì jó oko, ẹ̀yin ló ti ń jó."

Kọ́kọ́ fẹnu ara ẹ sọ ọ́ fún Ọlọ́run, kì í ṣe "Olúwa, ẹ mọ gbogbo ẹ̀". Sọ ọ́ ní pàtó: ẹ̀rù ń bà mí pé tí kajú bá jóná mi ò ní rówó ilé ìwé àwọn ọmọ san. Ó máa ń kéré sí bó ṣe rí lóru.

Lẹ́yìn náà, ṣí Pétérù Kìíní orí 5. Gbogbo wa la mọ ẹsẹ 7, ká kó gbogbo àníyàn wa lé e, a sì máa ń fo ẹsẹ 6 tó ní ká rẹ ara wa sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ gbólóhùn kan ṣoṣo ni méjèèjì nínú èdè Gíríìkì tí wọ́n fi kọ ọ́. Ibẹ̀ ló ti mú mi. Mo rò pé ìtọ́jú oko ni mò ń ṣe lóru, àṣé ìgbéraga ni, mo fẹ́ fi imú lásán ṣọ́ ohun tí mi ò dá. Ilẹ̀ yẹn gan-an, ogún ni.

Ọpẹ́ wàá kàn. Má ṣe "ẹ ṣeun fún ohun gbogbo", ìyẹn fẹ̀ jù, kì í mú nǹkan kan. Ra ẹsasáìsì kékeré kan, kọ nǹkan mẹ́ta lálaalẹ́ tó o fojú rí lónìí. Tèmi lọ́jọ́ kan: ọbẹ̀ àná ò kan; ọ̀kadà ò bàjẹ́ lọ́nà Ẹ̀gbẹ̀; ìyá mi pè, ohùn wọn já gaara. Kó o wá dúpẹ́ fún ohun tó ò ń bẹ̀rù àtipàdánù gan-an, bí ohun tí wọ́n yá ẹ: "Ẹ ṣeun fún kajú tẹ́ ẹ jẹ́ n tọ́jú lọ́dún yìí." "Lọ́dún yìí" yẹn ò fẹ́ jáde lẹ́nu mi nígbà àkọ́kọ́, ọ̀fun mi dí ni. Rántí pé inú ẹ̀wọ̀n ni Pọ́ọ̀lù wà nígbà tó ń kọ ọ́ sáwọn ará Fílípì pé kí ìdúpẹ́ wà nínú ẹ̀bẹ̀ wọn, kò ní kí wọ́n dúró dìgbà tí ọwọ́ wọn bá tẹ ohun tí wọ́n ń bẹ̀bẹ̀ fún.

Ẹ dákun, ẹ má fi eléyìí na ẹni tó ti pàdánù o. Nígbà tí odò Ọya bo ilé àwọn èèyàn ní Lọ́kọ́ja lọ́dún 2012, àti ní 2022, kì í ṣe ìgbà tómi ṣì wà nínú yàrá lèèyàn ń sọ pé "ẹ ṣáà dúpẹ́". Jóòbù fa aṣọ ẹ̀ ya ó fá orí ẹ̀ kó tó ní kí orúkọ Olúwa ní ìbùkún, nígbà tó sì di orí kẹta ó ń gégùn-ún fọ́jọ́ tí wọ́n bí i.

Má sì fi ọpẹ́ rọ́pò àdá. Ojú máa ń tì mí láti sọ fáwọn tí oko wa jọ pààlà pé ẹ̀rù ń bà mí, àgbà bíi tèmi! Ọjọ́ tí mo sọ ọ́, ó jọ pé gbogbo wọn ló ń dá jí lóru. Àwa mẹ́fà la jọ ro àyíká àwọn oko yẹn kí ọyẹ́ tó le, ó fẹ̀ bí ọ̀nà mótò, kíná tó bá débẹ̀ má rí nǹkan jẹ.

Lọ́yẹ́ tó kọjá mo ṣì jí lẹ́ẹ̀kan, mo jáde, mo kọjú sọ́nà oko, mo ní "Tiyín ni o, Baba", òtútù mú mi, mo wọlé. Ìyàwó mi ló wá jí mi fún àdúrà òwúrọ̀.