Bí Mo Ṣe Fi Àwòrán Ẹ̀fẹ̀ Kọ́ni ní Èdè Jámánì

Ọ̀rọ̀ ni mo kọ́kọ́ ṣà kí n tó fọwọ́ kan pẹ́ńsù. Àwòrán mẹ́fà ni mo yà fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ èdè Jámánì nílé-Ifẹ̀ níbí, ọ̀rọ̀ tó ṣeé là sí méjì, tí apá méjèèjì sì ṣeé yà, ni mo wá. Handschuh ni ìbọ̀wọ́: Hand ni ọwọ́, Schuh ni bàtà. Mo fo Glühbirne, ìyẹn gílóòbù iná, torí píà òyìnbó ni Birne tó wà nínú rẹ̀, kì í ṣe píà tí à ń fi jẹ búrẹ́dì. Kí n tó ṣàlàyé ìyẹn tán, ẹ̀rín ti kú.

Fingerhut ni ohun tí àwọn télọ̀ ń fi bọ ìka kí abẹ́rẹ́ má bàa gún wọn: Finger ni ìka, Hut ni irú fìlà kan. Ó wù mí kí n dé abetí-ajá fún ìka náà, ṣùgbọ́n Mütze ni wọ́n máa pe ìyẹn. Hut gbọ́dọ̀ ní etí yíká, nítorí náà akẹtẹ̀ ni mo yà, mo sì kọ "der" sí etí akẹtẹ̀ náà. Apá tó kẹ́yìn ló ń pinnu bóyá ọ̀rọ̀ á gba der, die tàbí das, ìyẹn ọ̀rọ̀ kékeré tó ń ṣáájú ọ̀rọ̀ orúkọ láti fi hàn bóyá akọ, abo tàbí kò-ṣakọ-kò-ṣabo ni, àwa tí "ó" kárí gbogbo nǹkan fún kì í sì tètè rí i.

Schildkröte ló dùn ún yà jù. Schild ni apata ogun, Kröte ni ọ̀pọ̀lọ́. Ọ̀pọ̀lọ́ kan gbé apata pọ̀n, Yánníbo dúró níwájú rẹ̀, ó ní: "Bist du mein Mann?", ìyẹn "Ṣé ìwọ ni ọkọ mi?" Kò sẹ́ni tí wọ́n ní láti sọ fún pé ìjàpá ni.

Umfahren, tó lè jẹ́ fífi ọkọ̀ gbá nǹkan tàbí yíyà fún un, gba àpótí méjì. Mo dá ìwé A4 nà gbọọrọ, mo fa àpótí méjì tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 13, mo fi sẹ̀ǹtímítà 1 sáàárín wọn. Nínú èkíní, ọlọ́kadà kan ní Lágere ń sọ pé "Ich fahre die Ziege um", ewúrẹ́ ti nà gbalaja. Nínú èkejì, "Ich umfahre die Ziege", ọ̀kadà yà gba ẹ̀gbẹ́, ewúrẹ́ ń jẹ èèpo iṣu rẹ̀ lọ. Bí wọ́n bá tẹ um, gbígbá ni. Bí wọ́n bá tẹ fah, yíyà fún un ni. Títẹ̀ yìí kì í ṣe ohùn òkè àti ìsàlẹ̀ bíi tiwa, ṣùgbọ́n etí tó mọ ọkọ́ yàtọ̀ sí ọkọ̀ á gbọ́ ọ. Ẹ má kọ umfahren nìkan sábẹ́ àwòrán méjèèjì o: bákan náà ni wọ́n ṣe ń kọ ọ́. Nínú gbólóhùn ni um ti ń já bọ́ sẹ́yìn, mo sì kọ ọ́ dorí kodò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ewúrẹ́ tó ṣubú.

Ẹ kọ ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn tó wà nínú àwòrán kí ẹ tó fi òbìrí yí i ká, torí ọ̀rọ̀ Jámánì máa ń gùn. Bí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan bá gba mílímítà 5, Schildkröte nìkan á gba sẹ̀ǹtímítà márùn-ún ààbọ̀. Àwọn ayàwòrán ẹ̀fẹ̀ fẹ́ràn láti fi lẹ́tà ńlá kọ gbogbo ọ̀rọ̀. Ẹ má ṣe é níbí, torí lẹ́tà ńlá ni Jámánì fi ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ orúkọ, akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ máa rí i.

Bírò aláwọ̀ búlúù kì í hàn dáadáa nínú fọ́tòkọ́pì. Pẹ́ńnì dúdú 0.8 ni mo fi tẹ̀ lé ìlà pẹ́ńsù, mo jẹ́ kó gbẹ kí n tó fi írésà pa á. Síbẹ̀, àmì orí ö pòórá nínú ẹ̀dà àkọ́kọ́, schön tó túmọ̀ sí rẹwà di schon, "ti … ná". Mo wá fa àmì méjèèjì bí igi kékeré tó nípọn, mo gbé wọn jìnnà díẹ̀ sí lẹ́tà. Àwa tí à ń kọ àmì ohùn ṣáà mọ ìyà yẹn.

Nínú kíláàsì, mo fi ìwé bo ọ̀rọ̀ náà, wọ́n pe apá méjèèjì tí wọ́n rí, lẹ́yìn náà ni mo ṣí i. N kò kọ Yorùbá sábẹ́ rẹ̀. Òun ni wọn ì bá kà. Níkẹyìn, mo ní kí wọ́n fúnra wọn ya Stachelschwein, ìyẹn òòrẹ̀: Stachel ni ẹ̀gún, Schwein ni ẹlẹ́dẹ̀. Àwọn kan kọ "der" sára ẹ̀gún. Ara ẹlẹ́dẹ̀ ló yẹ kí wọ́n kọ ọ́ sí, "das" sì ni.