Bí ẹ ṣe lè mú kí ẹ̀rọ àwo orin àtijọ́ tún kọrin

Giramafóònù oníná tó ti wà nínú àjà fún ọdún 30 kì í sábà bàjẹ́ tán. Gíríìsì rẹ̀ ló dì, rọ́bà rẹ̀ ló gan. Ẹ má tíì náwó sí i. Ìfọ̀ ló kọ́kọ́ kàn.

Kí ẹ tó kì í bọ iná, ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sí ìdí rẹ̀. Bó bá jẹ́ 110 V, tí iná ilé sì jẹ́ 220 V, á jó àfi tí tiransifọ́mà bá wà láàárín wọn. Ẹ wo Hz pẹ̀lú, ìyẹn iye ìgbà tí iná ń lọ tó ń bọ̀ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Mọ́tò àtijọ́ tí wọ́n ṣe fún 60 Hz á falẹ̀ lórí iná 50 Hz: ìyípo 33⅓ á di bíi 28 ní ìṣẹ́jú kan. Púlì (kẹ̀kẹ́ kékeré orí mọ́tò) ti 50 Hz ni ẹ ó fi pààrọ̀ tirẹ̀. Ọ́ìlì kò lè wo ìyẹn sàn.

Ẹ fi okùn rírọ̀ so apá tó gbé abẹ́rẹ́ mọ́lẹ̀, kí ẹ ya fọ́tò gbogbo wáyà àti sípíríǹgì kí ẹ tó tú wọn. Ẹ wá gbé àwo irin ńlá tó ń yí kúrò. Nínú ihò tí ọ̀pá àárín rẹ̀ ń wọ̀, ẹ ó rí gíríìsì tó ti le bí oje igi. Ẹ rẹ òwú sínú isopropyl alcohol tó lé ní 90%, kí ẹ máa fi nu ihò náà títí òwú á fi jáde ní funfun. Ẹ ṣọ́ra o: nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ, bọ́ọ̀lù irin kékeré kan wà ní ìsàlẹ̀ ihò yẹn tó lè bá òwú jáde. Bó bá sọnù, irin á máa ha irin, ẹ ó sì máa gbọ́ ọ lábẹ́ orin.

Ẹ̀kán 2 tàbí 3 ọ́ìlì ẹ̀rọ ìránṣọ tó fún ihò náà. Ẹ̀kán kan lókè mọ́tò, ọ̀kan nísàlẹ̀, ó parí. Ọ́ìlì àpọ̀jù á ta sára rọ́bà, rọ́bà á sì máa yọ̀. Ọ́ìlì ìdáná kò yẹ rárá, òun náà á tún dì.

Bó bá jẹ́ oníbẹ́líìtì, ẹ wọn ọ̀nà tí bẹ́líìtì ń gbà pẹ̀lú okùn, kí ẹ ra èyí tó fi bíi 5% kúrú sí i. Bẹ́líìtì tó ti yọ́ di ọ̀dà dúdú, alcohol náà ló ń ṣí i.

Èyí tó ń lo kẹ̀kẹ́ rọ́bà ló gba sùúrù jù. Bí etí kẹ̀kẹ́ náà bá ń dán, kò ní di àwo mú mọ́. Ẹ jẹ́ kó máa yí, kí ẹ fi sáńpépà 400 kàn án jẹ́jẹ́ títí dídán á fi lọ, kí ẹ sì nù ún. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń gbọ́ “gbì, gbì, gbì”, ojú kan ló ti tẹ́ lára rẹ̀, nítorí pé wọn kò yí bọ́tìnì padà sí ibi pípa, tó fi wà ní fífún mọ́ púlì fún ọdún pípẹ́. Kò sí sáńpépà tó ń yanjú ìyẹn. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Ẹ lẹ bébà tín-ín-rín mọ́ etí àwo, kí ẹ máa kà á bó ṣe ń yí. Bí ẹ bá yí i sí 33⅓, ìyípo 100 gbọ́dọ̀ pé ní ìṣẹ́jú 3 géérégé.

Abẹ́rẹ́ tó ti gbó ń gé rẹ́kọ́ọ̀dù, tuntun ni kí ẹ rà láìjanpata. Rẹ́kọ́ọ̀dù 78 nílò abẹ́rẹ́ tó nípọn ju ti 33 lọ, ẹ má sì fi alcohol kan rẹ́kọ́ọ̀dù 78 láé, á jẹ ẹ́. Ẹ sún òṣùwọ̀n (irin wíwúwo) tó wà lẹ́yìn apá títí apá á fi léfòó gbọọrọ, ẹ yí nọ́ńbà sí 0, kí ẹ wá yí i dé iye tí wọ́n kọ fún katiríìjì, ìyẹn orí kékeré tó di abẹ́rẹ́ mú. Ọ̀pọ̀ onímágínẹ́ẹ̀tì ń gba gíráàmù 1.5 sí 2.5. Ẹ má dín in kù nítorí àánú rẹ́kọ́ọ̀dù: abẹ́rẹ́ tó fúyẹ́ jù ń ta pọ́n-ún pọ́n-ún nínú ojú ilà orin, ó sì ń ha á.

Bí sípíkà kan kò bá dún, ẹ nu ẹnu wáyà 4 tó wà lẹ́yìn katiríìjì: funfun àti búlúù ni ti òsì, pupa àti àwọ̀ ewé ni ti ọ̀tún. Ẹ má fi irin sódà gbígbóná kàn wọ́n nígbà tí wọ́n wà lára katiríìjì, ooru á pa á. Bó bá sì ń kùn “hùùù”, ẹ so wáyà ilẹ̀ rẹ̀ mọ́ áńpílífáyà.