Bí A Ṣe Ń Lo Abẹ́rẹ́ Neostigmine fún Àrùn Àìlágbára Iṣan

Oògùn oníhóró, pàápàá jù lọ pyridostigmine, ni wọ́n sábà máa ń fi tọ́jú ẹni tí ó ní àrùn àìlágbára iṣan tí àwọn dókítà ń pè ní myasthenia gravis. Ìgbà tí aláìsàn kò bá lè gbé oògùn mì mọ́, tàbí tí wọ́n bá ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, ni ọ̀rọ̀ máa ń kan abẹ́rẹ́ neostigmine. Nọ́ọ̀sì tí yóò gún abẹ́rẹ́ náà àti ará ilé tí yóò jókòó ti aláìsàn ni mo kọ èyí fún. Ẹni tí ó bá ń rò ó láti rà á ní kẹ́míìsì kí ó lọ gún un nílé, kí ó jáwọ́.

Kí iṣan tó lè mira, okùn tí ń gbé iṣẹ́ ọpọlọ wá gbọ́dọ̀ tú èròjà kan tí ń jẹ́ acetylcholine sílẹ̀ fún un. Nínú àrùn yìí, àwọn ohun tí ó yẹ kí ó máa gbèjà ara ni wọ́n ń ba ojú ibi tí iṣan ti ń gba èròjà náà jẹ́. Neostigmine kò lè tún ojú ibẹ̀ ṣe, ṣùgbọ́n kì í jẹ́ kí acetylcholine tètè tú ká, kí ìwọ̀nba ojú tí ó kù lè rí i lò pẹ́. Ibẹ̀ gan-an ni ewu rẹ̀ ti ń wá, nítorí bí èròjà náà bá pọ̀ jù, iṣan yóò máa fò pì-pì, lẹ́yìn náà yóò rọ. Kò yẹ kí èyí yani lẹ́nu: physostigmine, tí dókítà kan tí ń jẹ́ Mary Walker fi tọ́jú irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ ní Greenwich, ní London, ní ọdún 1934, inú ẹ̀wà eséré ni ó ti wá, májèlé tí wọ́n ń fún ẹni tí a fẹ̀sùn àjẹ́ kàn mu ní agbègbè Calabar láyé àtijọ́. Neostigmine, tí ó tẹ̀ lé e ní ọdún 1935, àbúrò rẹ̀ ni.

Kí a tó fa oògùn sínú sírínjì, ó yẹ kí a béèrè bóyá aláìsàn ń yàgbẹ́, ó sì ń tọ̀, nítorí ẹni tí ìfun rẹ̀ tàbí ọ̀nà ìtọ̀ rẹ̀ bá dí kò gbọdọ̀ gba abẹ́rẹ́ yìí rárá. Bí ó bá ní ikọ́ fée (asthma), wárápá, ọgbẹ́ inú tàbí àrùn ọkàn, dókítà gbọ́dọ̀ mọ̀ kí ó tó pàṣẹ. Kí a béèrè oògùn mìíràn tí ó ń lò pẹ̀lú, torí gentamicin, ciprofloxacin, chloroquine, quinine àti propranolol, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń rà láìgba ìwé dókítà, lè mú kí àìlágbára náà burú sí i.

Orí ìgò ni àṣìṣe tí mo bẹ̀rù jù lọ wà. Ìgò kan lè ní 0.5 mg nínú mílílítà kan, òmíràn tí ó jọ ọ́ lè ní 2.5 mg, èyí tí ó jẹ́ ìlọ́po márùn-ún. Nítorí náà, mílígíráàmù ni kí a kọ sínú ìwé àṣẹ, kí a má ṣe kọ “ìgò kan”. Kí a ka ara ìgò náà níbi tí iná ti mọ́lẹ̀ dáadáa, kí ẹlòmíràn sì tún un kà. Bẹ́ẹ̀ náà ni a kò gbọdọ̀ fi iye oníhóró ṣe iye abẹ́rẹ́: 15 mg neostigmine oníhóró kò ju nǹkan bí 1 sí 1.5 mg tí a gún sínú ẹran ara lọ.

Kí a ka ìlù ọkàn fún ìṣẹ́jú kan gbáko, kí atropine, oògùn tí ń gbé ìlù ọkàn sókè, sì wà nítòsí kí abẹ́rẹ́ tó wọlé. Mo fẹ́ràn kí a tún ní kí aláìsàn ka ení, èjì, lọ sókè ní èémí kan ṣoṣo, kí a kọ ibi tí ó dé sílẹ̀. Abẹ́ awọ ni a lè gún un sí, tàbí ẹran apá tàbí ẹ̀gbẹ́ itan. Ìdí kò dára, pàápàá fún ẹni tí ó ti rù, nítorí okùn ìmọ̀lára ẹsẹ̀ tí ó gba ibẹ̀ kọjá. Dókítà nìkan ni kí ó fi í sínú iṣan ẹ̀jẹ̀, díẹ̀díẹ̀. Bí a bá ti gún un tán, kí a má ṣe dá ìdérí padà sórí abẹ́rẹ́. Inú àpótí abẹ́rẹ́ ni kí ó bọ́ sí tààrà.

Oògùn tí a gún sínú ẹran ara máa ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láàárín 20 sí 30 ìṣẹ́jú. Ní àkókò yìí, kí a tún ní kí aláìsàn ka oókà náà. Bí kò bá dé ibi tí ó dé tẹ́lẹ̀, tí itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, tí ó ń làágùn, tí inú ń run ún, tí ọmọlójú rẹ̀ kéré, tí ọkàn rẹ̀ sì ń lù lọ́ra, ó ṣeé ṣe kí oògùn ti pọ̀ jù lára rẹ̀. A kò gbọdọ̀ gún òmíràn, bí ó ti wù kí ẹbí máa bẹ̀ tó. Kí a dojú rẹ̀ kọ ẹ̀gbẹ́, kí a fa itọ́ náà kúrò, kí a sì pe dókítà kíá. Atropine yóò gbẹ itọ́, yóò sì gbé ìlù ọkàn sókè, ṣùgbọ́n kì í dá agbára padà fún iṣan, nítorí náà kí a tètè wá ẹ̀rọ tí yóò bá a mí.