Bí A Ṣe Ń Yẹ Nọ́ńbà Ńlá Wò: 30031 Gẹ́gẹ́ Bí Àpẹẹrẹ

Ìkánjú ló máa ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ mọ́ àwọn ọmọ tó ń wá kọ́ ìṣirò lọ́dọ̀ mi ní Abẹ́òkúta níbí. Práìmù ni nọ́ńbà tó ju 1 lọ, tí kò sí ohun tó lè pín in láìṣẹ́kù àfi 1 àti òun fúnra rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká yẹ 30031 wò, bóyá práìmù ni.

1 ló parí rẹ̀, nítorí náà 2 àti 5 kò lè pín in. Ẹ ro àwọn fígọ̀ rẹ̀ pọ̀, 7 ni. 3 kò pín 7, kò sì lè pín nọ́ńbà náà. Ẹ dán 7, 11 àti 13 wò, 1 ni yóò máa ṣẹ́ kù.

Ibí gan-an ni ọ̀pọ̀ ti ń ju bírò sílẹ̀. Wọ́n rí i pé bí a bá sọ 2, 3, 5, 7, 11 àti 13 di púpọ̀ pọ̀, 30030 ni, pé 30031 sì fi 1 jù ú lọ. Wọ́n ti gbọ́ pé Euclid, onímọ̀ Gíríìkì ìgbàanì, fi irú ìṣirò yìí hàn pé práìmù kò lópin, wọ́n sì gbà pé ohunkóhun tí a bá ṣe báyìí gbọ́dọ̀ jẹ́ práìmù. Lóòótọ́, 3, 7, 31, 211 àti 2311, tí a rí lọ́nà kan náà, jẹ́ práìmù, èyí ló sì ń tan ni jẹ. Ohun tí ẹ̀rí Euclid sọ ni pé práìmù tó bá pín irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ kò ní sí lára àwọn tí a fi ṣe é; kò sọ pé kò ní sí èyí tí yóò pín in.

Nítorí náà, ẹ má dúró ní 13. 173 lọ́nà 173 jẹ́ 29929, 179 lọ́nà 179 sì ti ju 30031 lọ, torí náà 173 ni ààlà yín: bí a bá sọ nọ́ńbà méjì di púpọ̀ pọ̀ tó sì jẹ́ 30031, èyí tó kéré nínú wọn kò lè kọjá ibẹ̀. Práìmù 40 ló wà láti 2 dé 173. Ẹ kọ wọ́n gàdàgbà sí ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà àtijọ́, èyí tó dára ju ìwé tí a fowó rà lọ, kí ẹ sì fa ìlà sórí èyí tí ẹ bá ti dán wò, torí ẹni tó ń fi orí kà á yóò fo 47 tàbí 53. Èmi kì í gba ẹ̀rọ ìṣirò láyè títí a ó fi parí.

Ní 59 ni ìdáhùn wà. 59 lọ́nà 500 jẹ́ 29500. Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú 30031, 531 ló kù. 59 lọ́nà 9 sì jẹ́ 531 gan-an. Nítorí náà, 59 lọ́nà 509 ni 30031. Ẹ fi àwọn práìmù láti 2 dé 19 dán 509 wò, ẹ ó rí i pé práìmù ni òun náà.

Ìyókù kò le. Nọ́ńbà mẹ́rin ló pín 30031: 1, 59, 509 àti òun fúnra rẹ̀. Bí a bá yọ ọ́ kúrò, tí a ro ìyókù pọ̀, 569 ni, tó kéré sí i gidigidi, nítorí náà ó wà lára àwọn nọ́ńbà tí ìpín wọn kò tó wọn. Ti 12 jẹ́ 16, ó ju ara rẹ̀ lọ. Ti 28 jẹ́ 28 gẹ́lẹ́, ìdí nìyẹn tí a fi ń pè é ní nọ́ńbà pípé.