Bí mo ṣe lé ìrì kúrò lójú tẹlískóòpù mi ní Kelling Heath

Kelling Heath ní Norfolk, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni àwa olólùfẹ́ ìràwọ̀ máa ń péjọ sí nígbà tí ewé bá ń wọ́. Òkun kò jìnnà síbẹ̀, ìrì sì pọ̀ níbẹ̀ gan-an. Mo gbé tẹlískóòpù mi sínú àgọ́ aláìlórùlé tó ṣeé ká gbé rìn. Àgọ́ náà dá atẹ́gùn dúró dáadáa, àmọ́ kò pẹ́ tí ilẹ̀ ṣú tí Andromeda, ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ tí mò ń wò, fi ń ṣe bàìbàì: ìrì ti bo gíláàsì iwájú.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi aṣọ nù ún! Aṣọ lè ha nǹkan fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n fi bo gíláàsì náà, ìrì á sì tún padà wá. Gíláàsì tó kọjú sí ojú ọ̀run tó mọ́ kedere máa ń tú ooru rẹ̀ sókè títí yóò fi tutù ju afẹ́fẹ́ tó yí i ká lọ. Ibẹ̀ ni ìrì ti ń dì.

Mo ká fóòmù dúdú yí ẹnu tẹlískóòpù ká, mo jẹ́ kó yọ síwájú dáadáa. Lẹ́yìn náà, mo wé bẹ́líìtì amóoruwá mọ́ ibi tí gíláàsì wà, mo sì so ó mọ́ bátìrì fólítì 12. Ooru díẹ̀ ti tó. Tó bá pọ̀ jù, àwòrán á máa gbọ̀n. Gíláàsì kékeré tí à ń fojú wò, inú àpò ẹ̀wù mi ló ń wà tí mi ò bá lò ó, kó má bàa tutù.

Andromeda mọ́ kedere títí ilẹ̀ fi ń mọ́. Bátìrì nìkan ló gba àmójútó: bẹ́líìtì náà ń jẹ iná, ọ̀sán ni kí ẹ ti gba iná sí i.