Bí a ṣe ń tako àbádòfin tó fẹ́ dẹ okùn ààbò omi ní Amẹ́ríkà

Àbádòfin tó bá fẹ́ dẹ okùn ààbò omi kì í kọ ọ́ síwájú orí. Orúkọ tó dùn létí ló máa ń jẹ́: ìmúyára ìwé àṣẹ, ìrọ̀rùn fún àgbẹ̀, tàbí àṣẹ tó padà sọ́wọ́ ìpínlẹ̀. Ìdí nìyí tí ẹni tó ń gbé ní Amẹ́ríkà, tó sì fẹ́ tako irú rẹ̀, kò fi gbọdọ̀ jẹ́ kí àkọlé tan òun. Kí ó wá nọ́ńbà àbádòfin náà (HR ni ti ilé aṣojú-ṣòfin, S ni ti ilé aṣòfin àgbà), kí ó ṣí i lórí Congress.gov, kí ó sì lọ tààrà sí ibi tí wọ́n ti ń túmọ̀ ọ̀rọ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n máa ń fi ọ̀bẹ pamọ́ sí.

Òfin Omi Mímọ́ tí orílẹ̀-èdè náà ń lò láti ọdún 1972 kò gba ẹnikẹ́ni láàyè láti da ìdọ̀tí láti inú páìpù tàbí kòtò sínú omi tó wà lábẹ́ rẹ̀ láìgba ìwé àṣẹ. Kí wọ́n tó ṣe é, epo àti pàǹtí ilé iṣẹ́ ti pọ̀ lójú odò Cuyahoga ní Cleveland débi pé odò náà gbiná ní oṣù kẹfà ọdún 1969, kì í sì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́. Ààrẹ Nixon kọ̀ láti fọwọ́ sí òfin náà nítorí owó tí yóò ná ìjọba, ṣùgbọ́n ilé aṣòfin méjèèjì fi ìbò borí ìkọ̀sílẹ̀ rẹ̀. Láti ìgbà náà, ohun tí àríyànjiyàn ń dá lé lórí jù ni omi tí òfin náà dé àti èyí tí kò dé. Ní ọdún 2023, nínú ẹjọ́ Sackett, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ sọ pé àbàtà kò sí lábẹ́ òfin náà àfi tí omi ojú rẹ̀ bá so mọ́ odò, adágún tàbí òkun tí kì í gbẹ bọ̀rọ̀, láìsí ibi tó ti já. Ọ̀pọ̀ àbàtà ni ìdájọ́ yẹn yọ sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì kò yí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo padà.

Ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ kan. Ká ní àbádòfin sọ pé òfin kò ní dé ìṣàn omi tó jẹ́ pé ìgbà tí òjò bá rọ̀ nìkan ló ń ṣàn. Lójú ẹni tó kà á nínú ọ́fíìsì, kòtò lásán ni. Ṣùgbọ́n ẹ dúró létí irú ojú ìṣàn bẹ́ẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn: yanrìn gbígbẹ, òkúta, ewé tó ti rọ, àti ẹnu páìpù kan tó yọ jáde lẹ́yìn ògiri. Ohun tí páìpù yẹn bá tú sílẹ̀ yóò gbẹ mọ́ yanrìn, yóò sì dúró de òjò. Bí àgbàrá bá dé, gbogbo rẹ̀ ni yóò gbá lọ sínú odò tí ilé iṣẹ́ omi ti ń fa omi. Òfin dé odò, ṣùgbọ́n kò dé ọ̀nà tí ìdọ̀tí gbà wọ inú rẹ̀. Bí ẹ bá lè ṣe irú àlàyé yìí ní gbólóhùn mẹ́rin, iṣẹ́ yín ti dé ìdajì.

Lẹ́yìn ìtumọ̀, ẹ wo bóyá wọ́n fọwọ́ kan ìsọ̀rí 401 nínú Òfin Omi Mímọ́, tó fún ìpínlẹ̀ ní àkókò tí kò ju ọdún kan lọ láti yẹ iṣẹ́ tó lè ba omi rẹ̀ jẹ́ wò. Ìsọ̀rí 402, tí ìwé àṣẹ abẹ́ rẹ̀ kò gbọdọ̀ kọjá ọdún 5 láìjẹ́ pé wọ́n tún un yẹ̀ wò. Àti ìsọ̀rí 505, tó jẹ́ kí aráàlú lè gbé ẹni tó ń ba omi jẹ́ lọ sílé ẹjọ́ lẹ́yìn tó bá ti fún un ní ìkìlọ̀ ọjọ́ 60. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ òfin àtijọ́ sí apá òsì ìwé, kí ẹ kọ ti àbádòfin tuntun sí apá ọ̀tún.

Ó kù kí ẹ mọ omi tiyín. Ilé iṣẹ́ omi gbọ́dọ̀ fún àwọn oníbàárà rẹ̀ ní ìròyìn lọ́dọọdún, ó pẹ́ tán ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù keje, tí yóò sọ ibi tí omi wọn ti ń wá àti ohun tí wọ́n bá nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ wa ló ń sọ ìwé yẹn nù pẹ̀lú ìpolówó ọjà. Àjọ EPA, tó ń bójú tó ààbò àyíká fún ìjọba àpapọ̀, náà ní ojúlé kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tó ń jẹ́ How's My Waterway, níbi tí ẹ ti lè rí bí odò àdúgbò yín ṣe wà.

Àsìkò tó dára jù láti sọ̀rọ̀ ni ìgbà tí àbádòfin ṣì wà níwájú ìgbìmọ̀ tẹ́ẹ́kótó, torí níbẹ̀ ni wọ́n ti lè yọ ìlà kan láìsí ariwo. Nílé aṣojú-ṣòfin, ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó ìrìnnà àti ohun amáyédẹrùn ló sábà máa ń gbà á. Nílé aṣòfin àgbà, ti àyíká àti iṣẹ́ òde ni. Bí aṣòfin yín bá jókòó nínú èyíkéyìí, ohùn yín wúwo ju ti ẹni tó ń kọ̀wé láti ìpínlẹ̀ míràn lọ. Nọ́ńbà 202-224-3121 yóò so yín pọ̀ mọ́ ọ́fíìsì rẹ̀. Ẹni tí kò tíì di ọmọ onílùú lè pè, nítorí ẹni tó ń gbé ní ẹkùn náà ni aṣòfin ń ṣojú fún.

Mo ti kọ lẹ́tà olójú ewé mẹ́ta rí, tí mo to ẹ̀dùn ọkàn jọ síbẹ̀. Ìwé ìdúpẹ́ tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí gbogbo ayé ni mo rí gbà. Èyí tó ṣiṣẹ́ jù kúrú: “Orúkọ mi ni báyìí, ẹkùn yín ni mò ń gbé. Mo fẹ́ kí aṣòfin dìbò tako àbádòfin báyìí, torí ìsọ̀rí kẹta rẹ̀ yọ ìṣàn omi òjò tó ń wọ odò tí à ń mu kúrò lábẹ́ òfin. Ṣé ó ti sọ ibi tí òun dúró sí?” Ẹ má ṣe gbàgbé ìbéèrè yẹn, torí akọ̀wé tó gbé fóònù ní láti wá ìdáhùn sí i. Ẹ kọ ọjọ́ àti èsì sílẹ̀.

Àwọn tó ń ti àbádòfin náà lẹ́yìn yóò sọ fún yín pé òfin ń fìyà jẹ àgbẹ̀. Ẹ má fi ọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn, torí àwọn kan wà tí ìwé àṣẹ ti dá iṣẹ́ wọn dúró lóòótọ́. Ṣùgbọ́n láti ọdún 1977 ni òfin ti yọ iṣẹ́ oko tí wọ́n ń ṣe lóòrèkóòrè, bíi ìtúlẹ̀, ìgbìn àti ìkórè, kúrò lára ohun tó ń béèrè ìwé àṣẹ láti da erùpẹ̀ sínú omi. Bí ẹ bá rí àgbẹ̀ tàbí apẹja tí yóò sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀, ẹ jẹ́ kí ó ṣíwájú yín.

Bí ilé aṣojú bá ti gbà á, ẹ má kó irinṣẹ́ nílẹ̀. Nílé aṣòfin àgbà, ìbò 60 ló sábà máa ń gbà kí wọ́n tó lè parí àríyànjiyàn lórí àbádòfin. Ìpinnu tí wọ́n fi ń fagi lé ìlànà tuntun tí àjọ ìjọba ṣe kò nílò tó bẹ́ẹ̀. Irú rẹ̀ la ilé méjèèjì kọjá ní ọdún 2023 láti pa ìlànà tó sọ omi tí òfin dé rẹ́, Ààrẹ Biden kọ̀ ọ́, ilé aṣojú kò sì rí ìdá méjì nínú mẹ́ta tí ìbá fi borí. Tó bá jẹ́ àjọ náà fúnra rẹ̀ ló fẹ́ yí ìlànà padà, Regulations.gov ni ẹ ó kọ èrò yín sí kí gbèdéke tó pé, ẹ sì tọ́ka sí odò yín lórúkọ.

Àbádòfin tí kò bá là á já kí ọdún méjì Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì kan tó pé ti kú nìyẹn. Ó sábà máa ń padà wá pẹ̀lú nọ́ńbà tuntun, nítorí náà ẹ fi ìwé apá òsì àti apá ọ̀tún yẹn pamọ́.