Oúnjẹ ọmọ yín ní daycare Amẹ́ríkà: ẹ bèèrè nípa CACFP, ètò oúnjẹ ìjọba, kí ẹ tó forúkọ sílẹ̀

Ní Ìbàdàn níbí, ìyá tó bá ń gbé ọmọ lọ sí kirẹ́ẹ̀ṣì ní Bódìjà tàbí Mókólà kì í gbàgbé kúlà oúnjẹ. Àṣà yìí náà ni ọ̀pọ̀ wa ń gbé dé Amẹ́ríkà. Mo mọ ìyá kan tó se mọ́ínmọ́ín ẹlẹ́yin fún ọmọ rẹ̀ ọlọ́dún mẹ́ta, tó dì í dáadáa sínú kúlà. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, wọ́n dá kúlà náà padà fún un láìṣí i. Ó pè mí ní Ìbàdàn, ó ń sunkún pé wọ́n kórìíra oúnjẹ wa. Kì í ṣe ìkórìíra rárá. Àwọn fúnra wọn ló ń se oúnjẹ fún ọmọ níbẹ̀, ìjọba ló sì ń dá owó rẹ̀ padà fún wọn. Kò sẹ́ni tó sọ fún un lọ́jọ́ tó forúkọ ọmọ sílẹ̀.

Kò yani lẹ́nu pé kò mọ̀. Ètò oúnjẹ ilé ìwé tí ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ ní 2016, àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kíláàsì 1 sí 3 ní ilé ìwé ìjọba ló wà fún. Kò kan ọmọ kirẹ́ẹ̀ṣì. Ti Amẹ́ríkà kan ọmọ ọwọ́ pàápàá.

Child and Adult Care Food Program ni wọ́n ń pè é, CACFP ní kúkúrú. Láti ọdún 1968 ni wọ́n ti dán irú rẹ̀ wò. USDA, iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àgbẹ̀, ló ni ín, ṣùgbọ́n ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń bójú tó tirẹ̀. Ní Texas, iléeṣẹ́ àgbẹ̀ ìpínlẹ̀ ni ẹ máa lọ bá. Ní Maryland, iléeṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ ni. Owó náà kì í dé ọwọ́ òbí. Ilé ìtọ́jú ọmọ ló ń gbà á lóṣooṣù, bí iye oúnjẹ tí wọ́n fún àwọn ọmọ bá ṣe pọ̀ tó. Lójúmọ́, oúnjẹ gidi méjì àti ìpápánu kan, tàbí ìpápánu méjì àti oúnjẹ gidi kan, ni wọ́n lè gba owó rẹ̀ lórí ọmọ kan.

Fọ́ọ̀mù owó tó ń wọlé ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí, torí ibẹ̀ làwọn èèyàn wa ti ń sá. Àwọn ilé ńlá tí wọ́n ń pè ní center á fún yín ní fọ́ọ̀mù lọ́dọọdún, wọ́n á bèèrè iye èèyàn tó wà nílé àti iye tó ń wọlé. Ìdílé tí owó rẹ̀ kò bá ju ìdá 130 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n òṣì tí ìjọba àpapọ̀ là sílẹ̀, owó tó ga jù ni ilé náà á gbà lórí ọmọ wọn. Tí kò bá ju 185 lọ, iye tó tẹ̀ lé e ni. Ẹni tó bá ti ń gba SNAP (ìrànwọ́ oúnjẹ ìjọba) tàbí TANF (ìrànwọ́ owó fún ìdílé aláìní), nọ́ńbà tí ètò náà fún un ni yóò kọ dípò iye tó ń wọlé. Ẹni tí ẹ jọ ń gbé, tí ẹ jọ ń jẹun, tí ẹ jọ ń náwó ni kí ẹ kà mọ́ ìdílé, ì báà jẹ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ìbàdàn dé. Wọ́n á tún bèèrè nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn nínú Social Security, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí ìjọba Amẹ́ríkà ń fúnni, ti ẹni tó bu ọwọ́ lù ú. Ẹni tí kò ní, àpótí wà níbẹ̀ tó máa fi àmì sí pé òun kò ní. Ẹ má purọ́, ẹ má sì fi owó iṣẹ́ àfọwọ́gbà pamọ́.

Ọ̀pọ̀ kì í kọ ọ́ nítorí ìtìjú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́. Tí ẹ kò bá kọ ọ́, ọmọ á ṣì jẹun, ṣùgbọ́n owó tó kéré jù ni ilé náà á gbà lórí rẹ̀. Ilé aládàáni tó ń wá èrè kò tiẹ̀ lè gba owó náà ní oṣù kan àfi tí ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ọmọ ibẹ̀, ó kéré tán, bá wá láti ìdílé tí owó wọn kò pọ̀. Fọ́ọ̀mù ìdílé kan lè jẹ́ èyí tó máa mú kí iye náà pé.

Ní ti oúnjẹ, ẹ máa rí ohun márùn-ún lórí àwo ọ̀sán: wàrà, ẹran tàbí ohun tó dúró fún ẹran, ẹ̀fọ́, èso, àti oúnjẹ oníhóró bí ìrẹsì tàbí búrẹ́dì. Ọmọ ọdún 3 sí 5, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ife wàrà ló tọ́ sí i, ìdá kan nínú mẹ́rin ife ẹ̀fọ́, bákan náà fún èso. Ó máa kéré lójú ìyá Ìbàdàn, mo mọ̀. Ìwọ̀n tí kò gbọ́dọ̀ dín nìyẹn. Wọ́n lè bù sí i. Wàrà ọ̀rá kíkún wà fún ọmọ ọdún kan. Tó bá ti pé ọdún méjì, títí dé ọdún márùn-ún, wàrà tí wọ́n ti yọ ọ̀rá rẹ̀ tàbí tí wọ́n ti dín in kù ni, kò sì gbọ́dọ̀ ní àdùn tí wọ́n fi kún un. Wọn kò rẹ́ yín jẹ.

Iṣu kò sí lára oníhóró lọ́dọ̀ wọn, ẹ̀fọ́ ni wọ́n kà á sí, bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà. Nítorí náà iṣu àti ẹyin nìkan kò lè jẹ́ oúnjẹ ọ̀sán níbẹ̀. Ẹ̀wà lè dúró fún ẹran tàbí fún ẹ̀fọ́, kò lè ṣe méjèèjì nínú oúnjẹ kan. Kéèkì àti bisikíìtì dídùn kò sì wọlé rárá gẹ́gẹ́ bí oníhóró.

Tí wàrà màlúù bá ń da inú ọmọ yín rú, ẹ kọ ìwé bèèrè fún wàrà sóyà tí èròjà rẹ̀ bá ti màlúù dọ́gba. Òbí tí kò fẹ́ ẹran ẹlẹ́dẹ̀, bóyá nítorí ẹ̀sìn, lè gbé ẹ̀yà oúnjẹ kan wá láti ilé, ilé ìtọ́jú ọmọ á sì pèsè ìyókù, tí wọ́n bá fara mọ́ ọn. Ti àìlera yàtọ̀: ẹ gba ìwé dókítà, wọ́n sì gbọ́dọ̀ ṣètò fún un. Fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan, wọ́n gbọ́dọ̀ fi wàrà ọmọ ọwọ́ lọ̀ yín, ṣùgbọ́n ẹ lè gbé wàrà ọmú yín wá, ẹ sì lè lọ fún un lọ́mú níbẹ̀.

Ẹ̀yin obìnrin tẹ́ ẹ fẹ́ máa tọ́jú ọmọ nínú ilé yín, owó yìí wà fún yín náà. Ẹ gba ìwé àṣẹ ìpínlẹ̀ ná, kí ẹ wá wà lábẹ́ àjọ tí wọ́n ń pè ní sponsor, torí ẹni tó ń tọ́jú ọmọ nínú ilé ara rẹ̀ kò lè dá wọlé. Àdúgbò tí òṣì bá pọ̀ sí, tàbí tí owó tiyín fúnra yín bá kéré, Tier I (ìpele kìíní) lẹ máa wà, owó ibẹ̀ ló ga jù. Ẹ kò gbọ́dọ̀ gba owó oúnjẹ lọ́tọ̀ lọ́wọ́ òbí. Ẹ kò sì gbọ́dọ̀ din nǹkan nínú epo tó bò ó mọ́lẹ̀, ìyẹn ni pé àkàrà àti dòdò bí a ṣe ń ṣe é kò wọlé. Ẹ yan ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà. Ẹ máa kọ orúkọ ọmọ tó jẹun sílẹ̀ lójoojúmọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ́dún, ó kéré tán, ni sponsor máa wá, méjì nínú rẹ̀ láìsọ tẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá ka oúnjẹ tí kò fún ọmọ lè bá orúkọ rẹ̀ lórí ìwé àwọn tí wọ́n lé kúrò nínú ètò náà káàkiri Amẹ́ríkà.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ bá lọ wo ilé ìtọ́jú ọmọ, ẹ bèèrè bóyá wọ́n wà nínú CACFP, kí ẹ sì ní kí wọ́n fi ìwé oúnjẹ ọ̀sẹ̀ yẹn hàn yín. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ fún màmá tó ti Ìbàdàn wá bá yín tọ́jú ọmọ, kó lè mọ ohun tí ọmọ ti jẹ lọ́sàn-án kó tó ro àmàlà lálẹ́.